tmux àti mosh lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sáfà láti Òṣogbo: èwo ló ń gba iṣẹ́ là tí láìnì bá já?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́ni tó ń kánjú lè máa lọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó s'Óṣogbo tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì tẹ́ ẹ ń darí láti ọ̀nà jíjìn) tó wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, tí tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí sáfà bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ já kúrò, ò sì sí lórí sáfà yẹn, ẹ lọ fi sí i lónìí. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, dátà tiyín kọ́ ló sì máa fi wọlé, dátà sáfà ni, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Mosh náà, ètò tó ń so yín padà mọ́ sáfà fúnra ẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, dáa, mo ń lò ó, mo fẹ́ràn ẹ̀ gidi, àmọ́ igbákejì tmux ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá ti ní mosh ẹ ò nílò tmux mọ́, ó jọ pé iná kì í lọ ládùúgbò tiẹ̀.

Torí nǹkan méjì ló ń já láìnì mọ́ wa lọ́wọ́ níbí, wọn ò sì jọra. Èkíní ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì: 4G di 3G, 3G di E, ẹ paná dátà ẹ tún un tàn, ẹ kúrò lórí ráútà ẹ bọ́ sórí họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù, láptọ́ọ̀pù ṣì wà láàyè, láìnì nìkan ló kú. Tó bá wá di oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò kún ìlú tí gbogbo wọn ń ṣe láìfù lórí Facebook lójú ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, hmm, lẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ̀ báyìí, ẹ lè lọ pọnmi kó tó jáde. Èkejì ni iná. Wọ́n mú iná, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti gbó kò lè gbé e ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀, láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ ló kú yẹn. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ni mo fi ṣe ìwọ̀n fún gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an tí láìnì bá já? Ó pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tó rò pé láptọ́ọ̀pù ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń rí lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Láptọ́ọ̀pù ò ṣe nǹkan kan o. SSH, tí Tatu Ylönen ṣe ní Finland ní 1995 lẹ́yìn tí àwọn kan ti ń jí pásíwọ́ọ̀dù kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì tó wà, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbé ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lọ kó sì gbé èsì bọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á lójú ọ̀nà. Orí TCP, ìyẹn ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ló ń gbà, TCP sì fi IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì yín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) dá yín mọ̀. Tí IP yín bá yí padà, ẹlòmíì lẹ jẹ́ lójú sáfà, ó tán, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí sáfà bá wá mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́, sshd (apá ssh tó wà lórí sáfà) á palẹ̀ mọ́, kernel (ọkàn ètò sáfà) á fi SIGHUP, àmì pé láìnì ti já, ránṣẹ́ sí shell (ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ kọ́mándì) tẹ́ ẹ ṣí, shell náà á fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́ ẹ̀, iṣẹ́ á dúró. Bóyá ìdajì fáìlì lẹ ti kó, bóyá ìdajì dátábéèsì lẹ ti tò, kò kàn án.

Ojú kọ̀ǹpútà tó gan pa tí ò dáhùn mọ́, àwọn èèyàn á máa fi ìbínú tẹ bọ́tìnì, wọ́n á wá pa gbogbo fèrèsé ẹ̀. Kò dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà ~, lẹ́yìn náà àmì ìdánudúró (.), ssh á já kúrò wẹ́rẹ́, ẹ ó rí tẹ́mínà yín padà. Èyí ti wà nínú ssh tipẹ́, ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ tó.

Ó yá, tmux. Nicholas Marriott ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2007, nígbà tó fi máa di 2009 àwọn OpenBSD, tó ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti mú un wọ inú ètò wọn gan-an, àwọn yẹn kì í sì í mú nǹkan ṣákálá wọlé. Lórí Ubuntu tàbí Debian, sudo apt install tmux ni, ó tán. Ohun tó ń ṣe ò le: tẹ́ ẹ bá pè é lórí sáfà, ó máa dá dúró síbẹ̀ fúnra ẹ̀, iṣẹ́ yín á wá máa lọ lábẹ́ tmux, kì í ṣe lábẹ́ ssh mọ́. Tí láìnì bá já, SIGHUP yẹn á wá lóòótọ́, àmọ́ ojú tẹ́ ẹ fi ń wo iṣẹ́ nìkan ló máa pa, iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já o, iná lọ o, láptọ́ọ̀pù ṣubú sínú omi o (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), iṣẹ́ ń lọ.

Bó ṣe rí lójú ayé nìyí. Ilé ìwé kan fẹ́ kí n kó dátábéèsì èsì ìdánwò wọn lọ sórí sáfà tuntun, àwọn òbí ti ń dúró láti wo èsì, ọ̀gá ilé ìwé ti ń pè. Mo ṣí tmux new -s esi, mo tẹ pv esi.sql | mysql portal, pv jẹ́ nǹkan kékeré kan tó máa ń fi hàn yín ibi tí iṣẹ́ dé, ìlà kan á máa gùn lọ sápá ọ̀tún pẹ̀lú nọ́ńbà ìdá ọgọ́rùn-ún níwájú ẹ̀. Ó dé 41%, wọ́n mú iná. Láptọ́ọ̀pù mi kú fin-ín. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé ojú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àbí? Ká tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè?” Mo ní kó gbé báàgì, a gun ọ̀kadà lọ síbì kan lẹ́bàá Ọláìyá tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, mo fi láptọ́ọ̀pù sí iná, mo ssh wọlé, mo tẹ tmux attach -t esi. 78%, ó sì ń gùn lọ lójú wa. Ọmọ yẹn kàn ń wò ó ni, ó ní “Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?” Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ jàre. Ọ̀gá ilé ìwé tún pè, “Ẹ ẹ̀ rí i, àwọn òbí ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́ o,” mo ní “Ẹ má bínú sà, kò ní pẹ́ parí,” kò sì pẹ́ parí lóòótọ́.

Ìyẹn nìkan tó fún mi láti fún un ní gbogbo máàkì, àmọ́ ó tún ní òmíràn. Èèyàn méjì lè wọ sẹ́ṣọ̀n (iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣí nínú tmux) kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ mi wà ní Dàda Estate, èmi wà ní Òkè-Fìà, àwa méjèèjì tẹ tmux attach sórí sẹ́ṣọ̀n kan náà lórí sáfà, ohun tí mo tẹ̀ ló ń rí, ohun tó tẹ̀ ni mò ń rí, a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èyí fi dátà díẹ̀ ṣe é ju pé kẹ́ ẹ máa fi ojú kọ̀ǹpútà yín han ara yín lórí Zoom lọ, lẹ́tà nìkan ló ń lọ ló ń bọ̀, kò sí àwòrán.

Kọ́mándì tẹ́ ẹ máa lò jù ò pọ̀. tmux new -s orúkọ láti bẹ̀rẹ̀. Ctrl-b, kẹ́ ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ d, láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde. tmux ls láti wo àwọn tó wà nílẹ̀. tmux attach -t orúkọ láti padà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tmux new -A -s orúkọ, tí sẹ́ṣọ̀n yẹn bá ti wà á mú yín wọ inú ẹ̀, tí kò bá sí á dá a sílẹ̀, ẹ ò nílò àtimáa rántí èwo ni new èwo ni attach.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nípa tmux náà rèé, torí kì í ṣe pé wọ́n sanwó fún mi. Àkọ́kọ́, Ctrl-b yẹn jìnnà síra wọn, ìka ọwọ́ òsì á máa ro yín, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti yí i sí Ctrl-a nínú fáìlì .tmux.conf, ibi tẹ́ ẹ ti ń to tmux bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Kíkà ohun tó ti kọjá sókè ló tún máa ń bí ẹni tuntun nínú jù, ẹ fẹ́ yí i sókè bẹ́ ẹ ṣe máa ń yí i, kò lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ Ctrl-b lẹ́yìn náà [ kẹ́ ẹ tó lè fi bọ́tìnì ọfà gòkè, q lẹ ó fi jáde níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ set -g mouse on sínú .tmux.conf, ó sàn díẹ̀. Ìlà 2000 péré ló sì máa ń tọ́jú tí ẹ ò bá sọ fún un, tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ ń ṣe, ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ á ti sọ nù kẹ́ ẹ tó padà dé, nítorí náà ẹ fi history-limit sí 50000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé fèrèsé tmux tẹ́ ẹ bá ṣí lẹ́yìn tẹ́ ẹ yí i padà ló máa tẹ̀lé e, èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò ní yí.

Fóònù tún ni wàhálà míì. Ẹ wọlé láti fóònù ní àárín ọjà Ìgbọ̀nà láti yẹ iṣẹ́ wò, ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ délé ẹ wọlé láti láptọ́ọ̀pù, ẹ lè bá gbogbo nǹkan ní kékeré ní kọ̀rọ̀ kan, àmì tóótòòtó kún ibi tó kù. Kò bàjẹ́. Ó ń fi ojú fóònù yín ṣe ìwọ̀n ni. Ẹ wọlé pẹ̀lú tmux attach -d, ó máa lé fóònù yẹn jáde, ojú á tún gbòòrò.

Ibi tí agbára ẹ̀ wá pin sí ni orí sáfà fúnra ẹ̀. Tí sáfà bá tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tmux bá a lọ, iṣẹ́ bá a lọ. Àwọn kan á sọ fún yín nípa tmux-resurrect, àfikún kan fún tmux, mo ti lò ó, ó dáa, àmọ́ ohun tó ń dá padà ni bẹ́ ẹ ṣe to fèrèsé àti fódà tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀, ó lè tún ṣí àwọn ètò kan fún yín, ṣùgbọ́n kì í jí iṣẹ́ tó ti kú dìde láti ibi tó kú sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mosh ńkọ́? Keith Winstein àti Hari Balakrishnan ní MIT ló gbé e jáde ní 2012, àwọn tó ń rìn kiri ni wọ́n sì ṣe é fún. Ó máa ń kọ́kọ́ gba ọ̀nà ssh wọlé, á gbé mosh-server dìde lórí sáfà, á gba kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀, á wá pa ssh tì, á bọ́ sórí UDP, ọ̀nà míì tí kì í di láìnì kan mú bíi TCP. Kò fi IP dá yín mọ̀ mọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ló fi mọ̀ yín. Ẹ kúrò lórí ráútà ẹ bọ́ sórí fóònù, ẹ kúrò lórí SIM kan sórí èkejì, ẹ pa láptọ́ọ̀pù dé l'Óṣogbo kẹ́ ẹ lọ ṣí i ní Ìbàdàn, iṣẹ́ yín ń dúró dè yín bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Tí láìnì bá ti já fún ìgbà díẹ̀, ìlà aláwọ̀ búlúù kan á wá sókè ojú kọ̀ǹpútà, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá tó ti gbúròó sáfà gbẹ̀yìn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dé báyìí ìlà yẹn á pòórá, ẹ ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sí “broken pipe” kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é lójú mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tó tún dùn nínú ẹ̀ ni pé kì í dúró de sáfà kó tó fi lẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ̀ hàn yín. Lórí ssh, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé Jámánì kó padà kẹ́ ẹ tó rí i, lórí láìnì tó wúwo ó máa ń rẹ èèyàn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó máa jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mosh máa méfò ohun tó máa jáde, á fi hàn yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí láìnì bá wúwo gan-an á fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé sáfà ò tíì fọwọ́ sí i. Àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dáa ò lè mọ adùn èyí. Àwa mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku àléébù, kò sì kéré. UDP ló ń lò, láti pọ́ọ̀tù 60000 dé 61000, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i ní fáyáwọ̀ọ̀lù (ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà) sáfà yín, tó bá jẹ́ sáfà oníbàárà tí wọn ò fún yín láṣẹ láti fọwọ́ kan fáyáwọ̀ọ̀lù, ẹ jókòó sílé yín. Mo ti bá Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì kan pàdé tó dínà UDP pátápátá, mosh ò kúrò lójú kan. Ẹ ní láti fi mosh sórí sáfà àti sórí kọ̀ǹpútà tiyín, kì í ṣe apá kan. Tí locale sáfà (ìtò èdè àti lẹ́tà ẹ̀) ò bá jẹ́ UTF-8, á kọ̀ jálẹ̀, á máa bá yín jà. Kò lè gbé pọ́ọ̀tù fún yín bíi ti ssh -L, tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gba inú ssh dé pọ́ọ̀tù sáfà láti kọ̀ǹpútà yín. Kò sì tọ́jú ohun tó ti kọjá sókè rárá, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nísinsìnyí nìkan ló mọ̀, ẹ cat fáìlì gígùn kan, ìparí ẹ̀ lẹ ó rí, ìyókù ti lọ.

Èyí tó ṣe kókó jù fún wa ni iná. Tí láptọ́ọ̀pù bá kú, kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ tí mosh ń lò inú láptọ́ọ̀pù ló wà, ó bá a kú. Iṣẹ́ yín ṣì ń lọ lórí sáfà o, mosh-server ṣì ń dì í mú, ẹ tiẹ̀ lè tún wọlé kẹ́ ẹ rí ọ̀rọ̀ pé ẹ ní sẹ́ṣọ̀n mosh kan tó ti já, á fi nọ́ńbà ẹ̀ hàn yín, àmọ́ kò sí ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà wọ inú ẹ̀ padà. Ẹ ń wò ó ni, ọwọ́ ò tó o. Ohun tó jẹ́ kí n pè é ní igbákejì nìyẹn, torí l'Óṣogbo ìgbà tí iná ń lọ pọ̀ ju ìgbà tí mò ń rìnrìn àjò lọ. Ẹ da àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe: mosh orúkọ@sáfà -- tmux new -A -s ise. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, mosh á so ó padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí iná bá lọ, tmux á tọ́jú ẹ̀ dè yín.

Screen ńkọ́, àwọn àgbà á béèrè. GNU Screen ti wà láti 1987, ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka èyí lọ. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, screen -S orúkọ, Ctrl-a d, screen -d -r láti padà. Tẹ́ ẹ bá bá a lórí sáfà àtijọ́ kan, ẹ lò ó, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ̀kan tuntun, tmux ni, Red Hat gan-an ti yọ screen kúrò nínú ohun tó ń bá RHEL 8 (Linux tiwọn) wá, wọ́n ní káwọn èèyàn lọ máa lo tmux. Eternal Terminal tún wà, tí kọ́mándì ẹ̀ ń jẹ́ et, TCP ló ń lò lórí pọ́ọ̀tù 2022, ó ń so ara ẹ̀ padà bíi mosh, ó sì jẹ́ kẹ́ ẹ lè yí sókè ka ohun tó ti kọjá. Ó dáa fún ẹni tí wọ́n dínà UDP fún. Kò wọ́pọ̀ bíi mosh lára àwọn ètò tó máa ń wà ní sẹpẹ́ fún apt, ìyẹn nìkan ni ò jẹ́ kí n máa tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Tó bá wá jẹ́ pé láìnì ti já ná, tí ẹ ò sì wà nínú tmux? Ẹ má tíì tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ mi. Ẹ wọlé padà kẹ́ ẹ tẹ ps aux, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ yẹn ṣì wà láàyè, torí ó lè jẹ́ sáfà ò tíì mọ̀ pé ẹ ti lọ. Mo ti rí ẹni tó tún bákọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń lọ, àwọn méjèèjì ń kọ sórí fáìlì kan náà, ẹ lè fojú inú wo ohun tó jáde. Tó bá ṣì wà, reptyr wà, tí Nelson Elhage ṣe, ẹ ṣí tmux, ẹ tẹ reptyr pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ yẹn, á fà á wọ inú tmux yín. Lórí Ubuntu ó máa fẹ́ sudo, torí kernel ò gbà kí iṣẹ́ kan ṣàdédé máa fa òmíràn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, pàápàá tí iṣẹ́ náà bá ti bí ọmọ (ìyẹn, tó ti gbé iṣẹ́ míì dìde lábẹ́ ẹ̀), àmọ́ nígbà tó bá ṣiṣẹ́ ẹ ó fẹ́ dìde jó.

Tó bá jẹ́ fáìlì lẹ ń tún ṣe, ọkàn yín balẹ̀. Vim máa ń fi fáìlì .swp sílẹ̀, vim -r pẹ̀lú orúkọ fáìlì á gbé e dìde. Nano náà, tó bá gba SIGHUP, á fi ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fáìlì tó ní .save nídìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, wọ́n á tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tó bá jẹ́ apt ló já láàárín, sudo dpkg --configure -a ló máa ń tún un ṣe. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ń gbé Ubuntu kúrò lórí ẹ̀dà kan bọ́ sórí òmíràn pẹ̀lú do-release-upgrade, àwọn yẹn ti rò ó fún yín, inú screen ló ti ń ṣe é láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ó sì tún máa ń ṣí ssh kejì sórí pọ́ọ̀tù 1022 fún ọjọ́ burúkú. Sudo screen -d -r lẹ ó fi wọ inú ẹ̀ padà. Ẹni tó ronú kan èyí, kò ní rí ìjà àgbà.

Nǹkan kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé kẹ́ ẹ fi ServerAliveInterval sínú .ssh/config, láìnì ò ní já mọ́. Ìdajì òótọ́ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sórí IP kan, tí ẹ bá dákẹ́ pẹ́ wọ́n á gbàgbé yín, kí ssh máa dún lóòrèkóòrè ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Dé ibẹ̀ ó dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi sí ìṣẹ́jú àáyá 15, tí ServerAliveCountMax (iye ìgbà tó máa pè láìrí èsì) sì wà ní 3 bó ṣe máa ń wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ fún bíi ìṣẹ́jú kan péré, ssh fúnra ẹ̀ máa já kúrò, nígbà tó jẹ́ pé ká ní ẹ fi í sílẹ̀ tí IP ò sì yí padà, ó ṣeé ṣe kó kàn máa bá tiẹ̀ lọ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Èmi fi tèmi sí 60 pẹ̀lú 10. Pẹ̀lú tmux lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó bá wù ó ṣe.

Lórí fóònù, Termux, áàpù tẹ́mínà fún Android, ni mò ń lò, pkg install openssh mosh tmux, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Android máa ń fẹ́ pa á tẹ́ ẹ bá kúrò lójú ẹ̀ lọ dá èèyàn lóhùn lórí WhatsApp, termux-wake-lock ló ń dín ìyẹn kù.

Tí mo bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, tmux gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, Ctrl-b ló jẹ ọ̀kan. Mosh gba méje, ká ní iná ń dúró ni màá fún un ní mẹ́sàn-án. Et náà gba méje. Screen, mẹ́fà, fún ọ̀wọ̀ àgbà.

Àti fún àwọn tó máa wá bínú sí mi pé àwọn lo tmux iṣẹ́ ṣì kú: ẹ wò ó bóyá sáfà yín jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí systemd (ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ lórí Linux) ti ń pa gbogbo nǹkan tí oníṣẹ́ fi sílẹ̀ tó bá ti jáde. Láti 2016 ni wọ́n ti yí ìyẹn padà nínú systemd, Debian àti Ubuntu dá a padà sí bó ṣe wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi. Ẹ wo KillUserProcesses nínú /etc/systemd/logind.conf, tó bá wà ní yes, ẹ sọ ọ́ di no, tàbí kẹ́ ẹ tẹ sudo loginctl enable-linger pẹ̀lú orúkọ yín, kẹ́ ẹ sì máa fi systemd-run --user --scope tmux bẹ̀rẹ̀ tmux. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, kẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ tún wọlé, kẹ́ ẹ tẹ tmux ls. Tí orúkọ sẹ́ṣọ̀n yín bá ṣì wà níbẹ̀, ó ti yanjú.